Ohùn Ìyá Mi ní Ọ̀fun Ọmọ Mi

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tàbí lẹ́nu aládùúgbò. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá ihò sí ọmọ mi lọ́rùn, èmi náà ni mo sì gbé e wálé. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó wá sí Kàrú lẹ́bàá Àbújá, kó béèrè ilé bàbá tó ń lẹ táìlì. Wọn yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà mi, torí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí ládùúgbò yẹn.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní kékeré. N kò tijú rẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kúrò ní Èkìtì tí mo dé Àbújá, ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́wọ́ ìyẹn. Ọ̀nà ibẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá kí ẹni tó wà lódì kejì, kò ní gbọ́ ọ. Nílùú wa, o kò lè rìn láti ilé dé odò kí ogún ènìyàn má ti bi ọ́ léèrè nípa ìyá rẹ. Ní Àbújá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò kí ẹnikẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ọkùnrin Haúsá tó ń ṣọ́ ilé tí a ti ń ṣiṣẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi. Ó ní, "Sànnu." Mo ní, "Yauwa," torí ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn yòókù nìyẹn. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìkíni kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Mo ti lẹ táìlì ní Màítámà, mo ti lẹ̀ ẹ́ ní Asókórò, nínú balùwẹ̀ àwọn tí ẹ máa ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo lè bẹ̀rẹ̀ pálọ̀ ńlá kan láàárọ̀, kí n parí rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí o wá fi ojú wo ìlà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí o má rí ibi tó ti tẹ̀. Bí mo bá parí, màá fi eegun ìka kan táìlì kọ̀ọ̀kan, màá sì dẹ etí sí i. Èyí tí sìmẹ́ńtì kò dé abẹ́ rẹ̀ máa ń dún bí ohun tó ṣófo. Màá ṣí i, màá tún un lẹ̀. Àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ máa ń sọ pé etí mi ju ojú ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àmọ́ nígbà yẹn, bí mo bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo di ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Nílé wa ní Èkìtì náà, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Èmi ni àbíkẹ́yìn ìyá mi, èmi ni kò kàwé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Bí wọ́n bá ṣèpàdé ẹbí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti parí rẹ̀ ni wọ́n tó máa ń sọ fún mi, bí ẹni ń sọ fún àlejò.

Ìyá mi kú lọ́dún tí Dúpẹ́ ìyàwó mi lóyún. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú tó fi bímọ, obìnrin sì ni. A sọ ọ́ ní Ìyábọ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí yóò ti ṣe. N kò ro ohun púpọ̀ sí i. Orúkọ ni.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ irú ohùn tí ìyá mi ní. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ohùn rẹ̀ ti há, bí ẹni ń wọ́ páànù lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Bí ó bá sọ̀rọ̀ nínú agbo ilé, àwọn tó ń jà máa ń dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó ń wí. Kò sí obìnrin méjì tó ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nílùú wa.

Nígbà tí Ìyábọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há. A rò pé ọ̀fìnkìn ni. Oníkẹ́mísìtì fún wa ní oògùn ikọ́, ó mu ún tán, ohùn náà kò là. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, mo pe ilé, mo sì gbé fóònù sí ọmọ náà létí. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Kékeré, ló gbé e.

"Ẹ káàsán mà," ni ọmọ mi wí.

Mo gbọ́ tí Ìyá Kékeré ń pe àwọn ará ilé. "Ẹ wá. Gbogbo yín, ẹ wá gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyá Kékeré, kí ló dé?"

"Má bi mí léèrè. Ní kó tún un sọ."

Ọmọ náà tún un sọ. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn bú sẹ́kún lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi gba fóònù, ọ̀gá ilé-ìwé tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó bá ọmọ ọdún mẹ́ta sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ìyá mi. Ṣé àlàáfíà lẹ wà níbẹ̀?"

"Mò ń jẹ ẹ̀pà," ni Ìyábọ̀ dá a lóhùn.

"Ìyá mi fẹ́ràn ẹ̀pà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Láti ọjọ́ náà ni ọjọ́ Àìkú mi ti yí padà. Ní aago mẹ́rin, agbo ilé wa ní Èkìtì á jókòó yí fóònù kan ká, èmi náà á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní Kàrú, màá gbé ọmọ lé itan, màá tẹ sípíkà. Wọ́n á kí i, wọ́n á ní kó gbàdúrà fún àwọn. Nígbà kan, àwọn ọmọ bàbá wa méjì ń jà nítorí ààlà oko kòkó, wọ́n ní kí Ìyá dá sí i. Ọmọ náà ní kí wọ́n pín in, torí ohun tí Dúpẹ́ máa ń sọ fún un nìyẹn bí ó bá ń jẹ bískíìtì lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Mo gba fóònù, mo ní, "Ẹ ti gbọ́ ohun tí Ìyá wí." Wọ́n sì pín in.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Ìyá. Ìpàdé ẹbí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ kí n tó pè. Ẹ̀yin tí ẹ kò kúrò nílé rí lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ti jókòó ní yàrá kan ní ìlú onílùú, tó ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń dákẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Mo wà ní Kàrú, ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ń ṣe olórí ilé bàbá mi.

Dúpẹ́ nìkan ni kò bá wa dá sí i. "Bàbá Ìyábọ̀," á ní, "ìyá yín kò jẹ bískíìtì tó báyìí o."

"Ìyá mi kò rí bískíìtì jẹ nígbà ayé rẹ̀. Ó ń gba tirẹ̀ ni."

Á rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ohùn ọmọ náà ń wọlẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí ó ti ń há sí i ni inú àwọn ará ilé ń dùn sí i, wọ́n ní Ìyá ti ń dé tán pátápátá. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí fèrè. Oníkẹ́mísìtì ní àsímà ni, ó fún wa ní oògùn tí wọ́n ń fà símú. Ó fà á fún ọdún kan. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ń sùn nínú kíláàsì. Nígbà tó ṣe, Dúpẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba láì sọ fún mi, ó sì padà wá sọ pé dókítà fẹ́ rí èmi náà.

Dókítà obìnrin ni, ọ̀dọ́ ni, Yorùbá tí wọ́n bí sí Àbújá. Wọ́n ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí bọ ọmọ náà nímú, ohun tó wà nísàlẹ̀ sì jáde sójú ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n.

"Dádì, wò ó," ló wí. Ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Yorùbá mi kò dáa tó."

Mo wò ó. Ibi tó yẹ kó là gbayawu, ohun kan ti hù síbẹ̀, ó funfun, ó pọ́n, ó dì papọ̀ bí ẹyin ẹja. Ó ń mì bí ọmọ náà ti ń mí. Àárín rẹ̀ ku ààyè kan tí kò tó igi ìṣáná.

"Fáírọ́ọ̀sì kan ló fà á," ni dókítà wí. "Kì í sábà mú èèyàn. Ọmọ lè kó o nígbà tí wọ́n ń bí i, ìyá rẹ̀ pàápàá kò ní mọ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Inú àpótí ohùn ló ń hù sí, ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. A ó gé e. Ó lè tún hù, a ó sì tún gé e. Bí a kò bá gé e, yóò dí ọ̀nà."

Ohun tí mo bi í léèrè, mo máa kọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Ṣé ohùn rẹ̀ á yí padà?"

"Ó yẹ kó yí padà, Dádì. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí kì í ṣe tiẹ̀. Àìsàn ló ń dún."

"Ohùn ìyá mi ni. Gbogbo ìlú wa ló mọ̀ ọ́n."

Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Mọ́mì, kí ni Dádì ń sọ?"

"Wọ́n ní ìyá àwọn ló padà wá," ni Dúpẹ́ wí, ó ń wo ilẹ̀.

Dókítà tún yíjú sí mi. "Èmi náà, Yétúndé ni mí," ó ní. "Ìyá ìyá mi ni wọ́n ní mo jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n máa wá hú ikọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ náà ta mí lára. Mo bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Mo sọ fún un pé mo ti lẹ táìlì sílé ọ̀gá àwọn ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo ní kó fún wa títí di ẹ̀yìn Àjíǹde, ìyẹn oṣù mẹ́ta sí i. Ìdí ni pé ẹbí ti fẹnu kò pé a ó tún sàárè ìyá mi ṣe ní Àjíǹde. Èmi ni màá lẹ táìlì sí i, gbogbo ẹbí á dúró yí i ká, Ìyábọ̀ á sì fi ohùn ìyá mi gbàdúrà fún wọn níbẹ̀. Ó ti dé etí gbogbo ìlú.

"Oṣù mẹ́ta pọ̀ jù," ni dókítà wí.

"Ó ti ń mí bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan, kò sì ṣe nǹkan kan."

"Ìdí tó fi pọ̀ jù náà nìyẹn."

Ó gbé ìwé kan síwájú wa pé kí ọ̀kan nínú wa fọwọ́ sí i. Dúpẹ́ mú bíírò. Mo ní, "Bí o bá fọwọ́ sí i, o ti pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì." Ó gbé bíírò náà sílẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e sílẹ̀, mo sì tún ń rí i títí di òní.

Mo ra táìlì sàárè náà, funfun tó ní etí dúdú, mo tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yàrá wa. Ọmọ náà kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́. Orí ìjókòó ló ń sùn, ó fẹ̀yìn ti táìlì wọ̀nyẹn. Bí ó bá mí símú, awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ á wọlé, ihò ọrùn rẹ̀ á jìn. Àwọn tó wà ní yàrá kejì ń gbọ́ ọ láti inú ògiri. Músá, aládùúgbò wa tó ń wa takisí, dá mi dúró lọ́jọ́ kan. "Kai, Bàbá Ìyábọ̀," ó ní, "ọmọ yẹn ń ṣe bí mọ́tò tí kò fẹ́ ṣíná." Mo ní kó gbájú mọ́ mọ́tò tirẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, níbi iṣẹ́, mo kan táìlì kan báyìí, ó dún ṣófo. Mo kan òmíràn, ó dún ṣófo. Mo ṣí méjèèjì, mo tún wọn lẹ̀, ọ̀gá ilé dúró tì mí, ó ń yìn mí. Mo délé, mo jókòó, mo gbọ́ ọmọ mi tó ń mí. Mo na ọwọ́, mo tan rédíò.

Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Àìkú ni, aago mẹ́rin. Mo pe ilé. Wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ náà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa àga. Mo tẹ sípíkà.

"Ìyá wa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ẹ gbàdúrà fún wa ká tó fojú kan ara wa."

Ìyábọ̀ la ẹnu. Fèrè yẹn nìkan ló jáde.

"A kò gbọ́ nǹkan kan," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Inú ń bí i," mo gbọ́ tí Ìyá Kékeré sọ lẹ́yìn. "Kí lẹ ṣe fún un níbẹ̀ yẹn?"

"A ò ṣe nǹkan kan fún un," ni mo wí. "Ìyábọ̀, sọ̀rọ̀."

Ó mi orí.

"Bàbá Ìyábọ̀, ẹ fi í sílẹ̀," ni Dúpẹ́ wí.

"Gbogbo ẹbí ló jókòó," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nínú fóònù.

"Sọ̀rọ̀, mo ní."

Ó wò mí. Ó gbé èjìká sókè, ó fẹ́ fa èémí púpọ̀ kó lè sọ ohun tí mo ní kó sọ. Èémí náà kò wọlé. Fèrè náà dákẹ́. N kò mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé ó ti pẹ́ tí yàrá wa ti dákẹ́ kẹ́yìn. Ètè rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ eérú. Ó di ẹ̀wù mi mú.

Dúpẹ́ já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi, ó sáré jáde, ó ń ké pe Músá. Fóònù bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí mo ṣe ń sáré tẹ̀ lé wọn, mo ṣì ń gbọ́ àwọn ará ilé tí wọ́n ń pè láti inú rẹ̀ pé, "Ìyá. Ìyá."

N kò ní kọ bí a ṣe dé ilé ìwòsàn. A dé ibẹ̀, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ wa. Wọn kò ráyè ti ilẹ̀kùn. Mo rí dókítà tó fi ìka wá ibì kan ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, mo rí ọ̀bẹ, mo rí páìpù kékeré tí wọ́n tì bọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, àyà rẹ̀ sì gbé sókè. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, ó sunkún. Omi ń dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò sí ìró kankan. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ, ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹkún tí ẹ ò bá tíì rí ọmọ tó ń sun ún láìdún.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ta ló ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án?" ló bi mí.

"Bí wọn kò bá fi kàn án, ì bá ti kú."

"Ìyá ti kú rí. Kì í ṣe ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ti lọ. Ẹ ti lé e lọ. Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́."

Wọ́n gba ẹlòmíràn láti lẹ táìlì sí sàárè náà. Ẹnì kan fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Etí rẹ̀ kò dọ́gba.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń gé ohun náà lọ́fun rẹ̀, ó sì ń hù padà. Bí oṣù méjì, bí oṣù mẹ́ta, a ó tún lọ. Lẹ́yìn gígé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bí yóò ṣe fi ìka dí ẹnu páìpù kó tó sọ̀rọ̀. Ó dí i, ó wo Dúpẹ́, ó ní, "Omi." Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó mọ́ gaara. Kò jọ ti ìyá mi rárá. Kò jọ ti ẹnikẹ́ni nílé wa. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo sì sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ pé ọmọ mi ló sọ̀rọ̀ yẹn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ohùn náà lò kó tó tún lọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé. Bí ó bá kọ ọ́ tán, á nà án sí mi, èmi tí n kò lè kà á á nà án sí Dúpẹ́.

"Kí ló kọ?"

"Ó ní òun ò fẹ́ ẹran."

Ohun tó kọ náà kún ojú ìwé kan. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹran kò lè gùn tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé kíkà lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo jókòó láàárín àwọn tí mo fi ọdún púpọ̀ jù lọ, kò sì sí ẹni tó yára mọ̀ ọ́n ju èmi lọ níbẹ̀. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi kọ́ ọ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo dá kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nínú ìwé ọmọ mi ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Bó ṣe wí nìyí: "Dádì, lọ́jọ́ yẹn mo gbìyànjú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò jáde ni. Ẹ má bínú sí mi." Ọjọ́ tí wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn ló ń sọ. Ó ti pẹ́ tó ti kọ ọ́. Eruku ti bo ojú ìwé náà.

Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó sọnù. Ohùn ọmọ kan: dókítà ní àpá ti bo ibẹ̀, kò ní padà. Ọdún méjì nílé-ìwé. Eyín iwájú kan tí irin tí àwọn dókítà fi ń la ẹnu rẹ̀ ká. Apá ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, torí ohun náà ti sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Agbo ilé kan ní Èkìtì. Ìyá Kékeré, tí wọ́n sin tán kí n tó gbọ́. Oṣù méjì àti ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi dá dókítà dúró.